Aṣọ Pupa Lójú Fèrèsé Ilé Olódi

9, Keltergasse,
Unterhalden,
Jámánì.
20 Oṣù Kẹta, 1994.

Ottilie, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ńkọ́, àti ìyá tí ẹ jọ ń gbé yàrá, èyí tó máa ń hanrun bí ẹni ń lagi? Kí ara gbogbo yín le o. Ara èmi náà le, ó tilẹ̀ le ju bí àwọn kan ṣe fẹ́ lọ. Ǹ bá pè ọ́ lórí tẹlifóònù, àmọ́ etí rẹ àti tẹlifóònù ti jà tipẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé.

Ọ̀rọ̀ Eberhard ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí dókítà ti pààrọ̀ eegun ìbàdí mi ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n wá gba yàrá nílé àwọn arúgbó tí o wà yẹn, kí a sì ta ọgbà àjàrà bàbá rẹ̀. Má bínú o, Ottilie. Ìwọ fúnra rẹ lo yan ibẹ̀. Èmi, ọmọ ló fẹ́ yàn án fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ibi tó ti ń jẹ oúnjẹ mi lórí tábìlì mi, ó ní, "Màmá, ẹ ò lè gun òkè yẹn mọ́. Ta ló máa gbé iyẹ̀pẹ̀ padà sókè lọ́dún yìí?" Òjò ìgbà òtútù ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ọgbà wa wá sísàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà Gottlob aládùúgbò wa. Inú bí mi gan-an. Mo ní bí mo bá pọn apẹ̀rẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ kan dé ògiri ilé olódi àtijọ́ tó wà lórí òkè láì sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà, kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé arúgbó létí mi mọ́ títí tí wọn á fi gbé mi lọ sí itẹ́ òkú. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, màá di ẹrù mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Lánàá la lọ. Gottlob tẹ̀ lé wa, ó ní òun fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí, àmọ́ òfófó lásán ló gbé e jáde. Òun ló fi ṣọ́bìrì kó iyẹ̀pẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Eberhard ní kó dín in kù, mo ní kó bù sí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn àárín àjàrà nìyẹn. N ò ní purọ́ fún ọ, ìbàdí yẹn dùn mí. Eberhard na ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn mi bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Nígbà tí mo dé ibi òkúta ìsinmi, mo kẹ̀yìn sí i, mo gbé ìdí apẹ̀rẹ̀ lé orí rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe, mo mí kanlẹ̀. Eberhard pàtẹ́wọ́. "Ó parí! Ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀!"

Gottlob ní, "Sọ kí ni kalẹ̀? Wo okùn léjìká wọn. Ṣé wọ́n bọ́ ọ ni?"

"Bàbá Gottlob, òkúta ló gbé e báyìí, kì í ṣe Màmá."

"Kí ni wọ́n wá gbẹ́ òkúta síbẹ̀ fún, kí ewúrẹ́ lè máa jókòó? Bàbá rẹ pàápàá máa ń sinmi níbí. Ó tún máa ń mutí sí i!"

Eberhard mọ òfin òkúta ìsinmi yẹn dáadáa, ó kàn ń wò ó bóyá a ó gbà ni. Mo sọ fún un pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, mo sì gbéra. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi. Ẹni tí kò gbé nǹkan kan!

Mo débẹ̀, Ottilie. Ilé ìṣọ́ ti wó sí i, èsìsì ti gba ibi tí àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ti ń jẹun, àmọ́ ògiri tó kọjú sí ìlú ṣì dúró pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ tí kò ní gíláàsì. Àwọn tó kọ́ ọ ti lọ, àwọn ọmọ ogun tó jó o ti lọ. Òun wà níbẹ̀. Mo da iyẹ̀pẹ̀ sídìí àjàrà tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sábẹ́ ògiri, mo sì sunkún díẹ̀, torí inú mi dùn. Gbogbo ìlú tẹ́ sísàlẹ̀: odò, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ Eberhard, àti òrùlé ilé tí o wà. Eberhard wá dúró tì mí. Ó ní, "Màmá, ẹ ti borí. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí nítorí yín. Mi ò kì í sùn."

Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ n ò ní kó kúrò nílé mi kí ìwọ lè rí oorun sùn."

Bá mi kí ìyá tó ń hanrun, kí o sì bá mi kí nọ́ọ̀sì tó ń fún ọ ní ṣúgà lábẹ́lẹ̀. Gottlob ní kí n kí ọ, ó ní o ṣì jẹ òun ní ijó kan.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo tú ìborí pupa mi, mo so ó mọ́ fèrèsé ilé olódi. Ṣé o rántí? Nígbà ọmọge wa, bí a bá ti so aṣọ níbẹ̀, ìwọ tó wà nísàlẹ̀ á mọ̀ pé ẹrù ti gúnlẹ̀, wàá sì gbé ọbẹ̀ kaná. Máa wo òkè láti yàrá rẹ ní gbogbo Sátidé. Bí o bá ti rí aṣọ pupa, sọ fún àwọn tó ń dáná níbẹ̀ kí wọ́n fi abọ́ kan kún un. Mò ń bọ̀ wá jẹun. N ò ní sùn níbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ olórí kunkun,
Notburga.