Màmá Mi, Hòtẹ́ẹ̀lì Ni A Ń Lọ Sùn

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrọ̀fọ̀ àdúgbò, nítorí mo mọ bí iwájú ilé wa ní Mowé ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀, ẹ má rò pé ìlú òyìnbó ti sọ mí di ẹni tó ń kí ìyá rẹ̀ lóòró. Mo kí Àǹtí Bùnmi, àbúrò yín ní Ìfọ̀. Mo kí Bàbá Ràṣídì tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa. Ẹ sọ fún wọn pé mo gbọ́ àdúà tí wọ́n ṣe fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, mo sì ti ṣe àmín rẹ̀ láti ibí. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, tí ẹ jókòó sí pálọ̀ ìyá mi báyìí tí ẹ ń gbọ́ lẹ́tà yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni, lójú gbogbo yín ni mo ní kí Káyọ̀dé àbúrò mi kà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ náà la ó ti tún un ṣe. Káyọ̀dé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n, ẹnu rẹ̀ ò ní ìlẹ̀kùn! Mo sọ fún un lórí fóònù pé tí Màmá bá dé lóṣù kẹjọ, a ó kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìṣeré ńlá kan, pé ọgbà náà jìnnà sí Derby tí à ń gbé, pé a ó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ méjì. Kí ló burú nínú kó dúró kí ẹ jẹun tán, kó wá rọra sọ fún yín? Rárá o. Ó dúró di ìgbà tí ìpàdé ẹgbẹ́ kún fọ́fọ́, ó wá ń pariwo pé ìyá wa ń lọ sun hòtẹ́ẹ̀lì lóyìnbó. Káyọ̀dé, má fo ibẹ̀ yẹn o. Kà á síta kí wọ́n gbọ́.

Wọ́n ròyìn fún mi bí pálọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹnìkan ní hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀, Ìyá Bísọ́lá sì béèrè pé ta ni ẹ ń bá lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti pè mí. Ẹ ní ẹ ò wá mọ́. Ẹ ní físà tí wọ́n fún yín, kí n jẹ́ kó wà nínú páásípọ́ọ̀tù bí fọ́tò. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣe olórí ẹgbẹ́, ẹsẹ̀ yín ò tẹ hòtẹ́ẹ̀lì rí, kò sì ní jẹ́ ọjọ́ ogbó ló máa tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀, mo rọ̀, ẹ pa fóònù mọ́ mi létí. Ọkàn mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Tèmilolúwa ọmọ mi, tó ti pé ọmọ ọdún méje tí kò tíì fojú kàn yín rí àfi nínú fóònù, bi mí pé ṣé òun ló ṣẹ̀ yín ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Bí ẹ ò bá wá lóṣù kẹjọ yìí, mi ò mọ ìgbà tí àyè ẹ̀ tún máa yọ.

Màmá, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn yín. Kí ẹ tó kọ́lé sí Mowé, Ìbafọ̀ la gbé dàgbà, hòtẹ́ẹ̀lì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a rẹ́ǹtì, èyí tó máa ń tan gílóòbù pupa. Ẹ ò jẹ́ ká gba iwájú rẹ̀ lọ síléèwé. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó la máa ń gbà, tí ìyẹ̀fun pákó á kún bàtà wa. Àwọn ọkùnrin á gbé mọ́tò onígíláàsì dúdú wọlé pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú tí wọ́n á ti jáde. Ẹni tó bá dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì ládùúgbò wa, ohun tó ń pè nìyẹn, mi ò sì lè bá yín jà lórí ẹ̀. Èmi gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ tí ibi iṣẹ́ kó wa lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì níbí fún ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn ni mo ń wò bíi pé díákónì wa láti Mowé ń tẹ̀ lé mi bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan lójú àwọn ìyá wọ̀nyí. Tí ìpàdé ńlá ọdọọdún bá dé ní Káńpù ìjọ, tí èrò ń wọ́ bọ̀ láti Àkúrẹ́, láti Warri, títí dé Gánà, tí wọn ò ríbi sùn, ta ló máa ń kó ẹrù èmi àti Káyọ̀dé jáde nínú yàrá? Ta ló máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tuntun, tó ń fún àlejò tí kò mọ̀ rí ní kọ́kọ́rọ́ àti táwẹ́ẹ̀lì, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọlé? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà ni? Kí la wá ń pe ìyẹn, Màmá? Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín náà, ẹ rọra. Ta ni kò gba àlejò nínú yín? Ìyá Bísọ́lá mi àtàtà, tó ń béèrè pé ta ni ìyá mi ń bá lọ, kíṣìnnì wọn gan-an ni àlejò sùn sí! Oníhòtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo yín, ẹ kàn ò gbé pátákó síta ni.

Ọwọ́ yín náà ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí ọmọ ènìyàn máa sùn. Tí àlejò bá wá wo yàrá, ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀dì hàn án kọ́kọ́. Ẹ̀rọ omi lẹ máa ń ṣí, ẹ á jẹ́ kó ṣàn kó rí i. Lẹ́yìn náà ẹ á tilẹ̀kùn, ẹ á ní kí gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀ ká gbọ́ ohun tí ẹni tó bá sùn níbẹ̀ máa gbọ́. Ẹ á wá fọwọ́ tẹ fóòmù, ẹ á sì béèrè bóyá àgbàlagbà wà láàárín wọn, kí ẹ mọ ibi tí onítọ̀hún máa dì mú tó bá fẹ́ dìde. Nígbà yẹn mo máa ń rò pé àṣejù ni. Àmọ́ ohun tí mo gbé lọ wo hòtẹ́ẹ̀lì méjì nìyẹn lọ́jọ́ tí mo ráyè, èmi àti Tèmilolúwa. A wọ ọkọ̀ ojú irin nínú òjò. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi ti Mowé, ṣe ló máa ń jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń jọ èlùbọ́, títí tí gbogbo aṣọ á fi rin.

Hòtẹ́ẹ̀lì kìíní wà nínú ọgbà náà gan-an. Ó rẹwà, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n ya igbó àti ẹranko sára ògiri, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì ọmọdé bí ọkọ̀ ojú omi, àkàbà ni wọ́n fi ń gùn ún. Tèmilolúwa rí i, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Èmi ṣí omi, omi dára. Mo ní kí gbogbo wa dákẹ́, gbogbo wa dákẹ́, ni mo bá ń gbọ́ dùm-dùm-dùm láti ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń mutí tí wọ́n ń jó ló wà lábẹ́ yàrá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ní ènìyàn mẹ́rin ni yàrá kan ń gbà, èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjèèjì sì jẹ́ márùn-ún pẹ̀lú yín. Wọ́n ní kí a gba yàrá míràn fún Màmá, ní òpin kọ́rídọ̀ lọ́hùn-ún.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo rò pé mò ń bá ènìyàn Mowé sọ̀rọ̀, mo wá sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò pé kó má ṣe ìyọnu, pé ìyá mi ò nílò bẹ́ẹ̀dì, pé ilẹ̀ ni wọ́n máa sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn, pé a ó gbé ẹní wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ilé ẹbí wo ni ẹ ti dé rí tí ẹ ò ní ká tẹ́ ẹní, tí ẹ ò ní kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Àfi bí ojú ọmọbìnrin yìí ṣe yí padà. Ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni màmá, pé ṣé wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ, pé ṣé ẹnikẹ́ni ń fìyà jẹ wọ́n nílé. Mo ní yéè, mo gbé! Ó rò pé mo fẹ́ fìyà jẹ ìyá mi ni. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo dúpẹ́, mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a jáde.

Hòtẹ́ẹ̀lì kejì wà ní òdìkejì títì, ilé olókùúta àtijọ́ kan tó jẹ́ ti opó kan. Kò sí ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, kò sí ẹranko lára ògiri. Yàrá méjì tó ṣí sínú ara wọn ló fi hàn wá, ìsàlẹ̀ ni méjèèjì wà, kò sí àtẹ̀gùn kankan tí orúnkún yín máa bá jà. Omi gbígbóná ń ṣàn. Mo ní ká dákẹ́, a dákẹ́, àgùntàn nìkan ni mo gbọ́ lókèèrè. Kíṣìnnì kékeré wà níbẹ̀, ata rodo tí ẹ bá gbé wá ò ní ṣòfò. Bẹ́ẹ̀dì náà fẹ̀ débi pé ẹ̀yin, èmi àti àwọn ọmọ lè sùn sórí ẹ̀, kí Túndé ọkọ mi lọ máa hanrun ní yàrá kejì. Ajá wà níbẹ̀ o, mi ò ní tàn yín. Mo sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀yin àti ajá ò rẹ́, ó ní òun á máa tì í mọ́ ẹ̀yìn. Ní ti Tèmilolúwa tó ń sunkún ọkọ̀ ojú omi, ó bi mí lójú ọ̀nà bóyá Màmá Mowé lè gun àkàbà. Mo ní rárá. Ó ní tí kò bá lè gùn ún, kí la fẹ́ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ parí, mo gba ti opó.

Mo lè sọ fún yín pé ilé àlejò lásán ni, kí n fi pẹ̀tù sí yín nínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni, Màmá, orúkọ ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì gba iwájú ilé wọ̀ ọ́, ẹ ò ní gba ẹ̀yìn pákó. Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá bi yín, ẹ dá a lóhùn pé olórí ẹgbẹ́ wa lọ sun hòtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn, kó lọ sọ ọ́ níbi tó bá fẹ́.

Kí ẹ tó pa fóònù lọ́jọ́ náà, ẹ béèrè pé kí ló dé tí ilé mi ní Derby ò fi tó láti gbà yín. Ó tó, Màmá. Ibẹ̀ lẹ ó wà ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Tí mo bá ń wọlé láàárọ̀, àwọn ọmọ ń jáde, Túndé náà ń lọ wa bọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá ń padà bọ̀, èmi ń múra àtilọ. Tí ẹ bá wá, ẹ ó kàn máa rí mi bí ẹni ń kọjá lọ ni. Alẹ́ méjì yẹn nìkan ni ọ̀gá mi gbà láti yọ̀ǹda mi lóṣù kẹjọ, mi ò sì fẹ́ lò ó nínú ilé tí àwo wà láti fọ̀, tí fóònù ibi iṣẹ́ sì lè dún.

Ìyá oníyàá ni mò ń ṣọ́ sùn, Màmá. Mo máa ń yí wọn padà, mo máa ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n gbọ́ bóyá wọ́n ń mí dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn máa ń fi orúkọ ọmọ ẹ̀ pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Mo mọ mímí gbogbo wọn. Láìwo ojú wọn, mo lè sọ ẹni tó ń sùn. Àmọ́ tèmi, ìyá tó bí mi, mi ò rántí bó ṣe máa ń mí lójú oorun mọ́. Ó ń dùn mí gan-an. Ìyẹn ni mo fi gba hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré nínú ọgbà wọn. Ẹ̀yin, ẹ kàn wá sùn, kí n gbọ́.

Ẹ̀mí yín á gùn nínú àlàáfíà, ojú yín ò ní ríbi, ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ máa wọ̀ á gbé yín dé láyọ̀. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bùnmi, kí Bàbá Ràṣídì, kí gbogbo ẹgbẹ́, kí Ìyá Bísọ́lá lọ́tọ̀, kí wọ́n má bínú sí mi. Mo tún kúnlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́.