Òrùlé Aṣọ Tí Mo Ká ní Tútù

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ọ̀nà Bracken,
                                        Skipton,
                                        Yorkshire,
                                        England.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún,
                                        oṣù kẹrin, ọdún 1998.

Rosalind, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó kí ọ: èmi ni mo ká òrùlé ọkọ̀ Bàbá ní tútù. Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé tí o gbé e lọ sí etí òkun, mo sì ti mọ̀ pé èmi ni láti ọjọ́ tí Bàbá ti tú u wò. Ìwé tí mo ti fà ya láti àná ti tó mẹ́rin. Ìkíni ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ ara mi: bí ìkíni bá ti gùn, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

Ní báyìí mo lè kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Graeme ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun òkè bíi ti tẹ́lẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Bronwyn tó ń ya àwòrán ilé fún gbogbo ènìyàn tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń háyà yàrá? Mo mọ̀ pé ní Nelson lọ́dọ̀ yín, ní òdìkejì ayé tí ìgbà ti yàtọ̀ sí tiwa, ooru ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ó ti máa la igi ìdáná. Ní tiwa níbí, òtútù ni kò fẹ́ gbọ́ pé ilé tó lọ. Ara Glenys ìyàwó mi le. Ara tèmi náà le, àfi pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ gáàsì, mi ò lè jókòó sójú kan. Glenys ní mo dà bí ajá tí wọ́n gbàgbé láti mú jáde.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo fẹ́ ra ọkọ̀. Má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ asáré oníjòkòó méjì ni, irú ti Bàbá gan-an, àwọ̀ ewé kan náà. Ọkùnrin kan wà lọ́nà Grassington, Ọ̀gbẹ́ni Tunnicliffe, tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe tó sì ń tà wọ́n. Méjì ló wà níwájú ilé rẹ̀ bí ìbejì. Ọ̀kan ní òrùlé aṣọ tó ṣeé ká sẹ́yìn, èkejì ní òrùlé irin tí kò ṣeé ṣí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń lọ wò wọ́n. Mo máa ń yí wọn ká, màá fọwọ́ kan ọ̀kan, màá fọwọ́ kan èkejì, màá sì padà sílé. Lọ́jọ́ kan ni Tunnicliffe yọjú lábẹ́ ẹ́ńjìnnì kan, ó ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá tún wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i láìra, màá gbé kànrìnkàn fún yín kẹ́ ẹ máa bá mi fọ̀ wọ́n."

Bó o bá bi ọpọlọ mi, òrùlé irin ló dára. Kì í jò. Olè ò lè fi ọ̀bẹ là á. Àyè díẹ̀ wà lẹ́yìn fún àpò, afẹ́fẹ́ kò sì ní máa fẹ́ sí ọrùn Glenys, tó ń dùn ún láti ọdún tó kọjá. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún un létí, ó ní, "Ó dáa, ra onírin." Kò sì síjà. Ṣùgbọ́n onírin yẹn, bí mo bá jókòó sínú rẹ̀, mọ́tò lásán ni. Èyí tó ní òrùlé aṣọ, ọwọ́ lásán ni mo fi kan bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ti dọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ṣé o rántí? Àwa méjèèjì lẹ́yìn ìjókòó, níbi tí kò yẹ kó gbà ju àpò lọ, tí orúnkún wa ń kan àgbọ̀n wa. Màmá níwájú pẹ̀lú ìborùn pupa, fúláásì tíì láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, páì ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi bébà wé lórí itan. Bàbá pẹ̀lú fìlà awọ, tó ń fi ìka ńlá bíi ti awakùsà wa ọkọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago ló ń tún ṣe. Bí òjò kò bá ti rọ̀, òrùlé kò gbọdọ̀ wà lókè, ì báà jẹ́ pé ìrì dídì wà lórí koríko. Imú wa á ti kú, ẹsẹ̀ wa á sì máa jóná nítorí ooru tó ń tú jáde nísàlẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá pàdé ọkọ̀ irú tiwa, Bàbá á gbé ìka kan sókè lórí ìdarí, ẹni tó ń bọ̀ náà á gbé tirẹ̀. Kò mọ̀ wọ́n rí. Síbẹ̀ tí a bá délé, á sọ fún gbogbo wa bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́: "Mẹ́sàn-án la rí lónìí."

Òfin kan ṣoṣo ló ní lórí ọkọ̀ yẹn. "Òrùlé tó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀ lókè títí á fi gbẹ. Kódà kó gba ọjọ́ mẹ́ta." Àwa méjèèjì ti mọ̀ ọ́n ká sórí kí a tó mọ Àdúrà Olúwa.

Ìwọ ló kọ́kọ́ yá ní ọkọ̀ náà. Èmi ni mo dàgbà, èmi ni mo kọ́kọ́ gbàwé ìwakọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ rẹ ní sùúrù, ọwọ́ tèmi ò ní. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ní Sátidé ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1966 yẹn, o gbé e lọ sí Filey, o gbé e dé, òrùlé gbẹ táútáú. O fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, o sì lọ wẹ̀. Bàbá àti Màmá ti lọ dánrawò orin ní ilé ìsìn. Mo mú kọ́kọ́rọ́ náà.

Mo wa ọkọ̀ gun orí òkè lọ. Òjò ká mi mọ́ níbẹ̀, mo gbé òrùlé bo ara mi. Nígbà tí mo fi máa padà sínú ìlú, òjò ti dá, mo sì rí Glenys lórí ìlà níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín, òun àti àwọn ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. A kò tíì máa fẹ́ra nígbà náà. Bí òrùlé bá wà lókè, ta ni yóò mọ̀ pé èmi ni mo wà nínú rẹ̀? Mo dúró sí kọ̀rọ̀, mo ká a ní tútù, mo fi agbára tì í wọnú àyè rẹ̀, mo sì wọ́ tẹ̀ẹ̀rẹ̀ wá síwájú wọn. Ìfọ́nnu náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo gbé ọkọ̀ padà, mo da aṣọ ìbora bò ó, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Irun rẹ ṣì tutù nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyọ̀ sójú ọ̀nà nítorí yìnyín. O mọ̀ pé bí wọ́n bá ti da iyọ̀, ọkọ̀ yẹn kì í jáde mọ́ títí di ìgbà ìrúwé, kí iyọ̀ má baà jẹ irin rẹ̀. Oṣù márùn-ún ó lé ni òrùlé yẹn fi wà ní kíká nínú òkùnkùn pẹ̀lú omi rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá fi tú u ní oṣù kẹrin, o wà níbẹ̀, mo wà níbẹ̀. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Aṣọ náà ti bu, ó dúdú káàkiri, ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe fèrèsé ẹ̀yìn sì ti lẹ̀ mọ́ra, ó ya bí Bàbá ṣe ń là á. Kò pariwo. Ó ní, "Rosalind, ìwọ lo lò ó kẹ́yìn." O ní, "Bàbá, ó gbẹ. Mo búra, ó gbẹ nígbà tí mo gbé e dé." Ó wò ọ́ títí. Ó ní, "Ọkọ̀ ò jẹ́ nǹkan. Irọ́ ni mi ò fẹ́ nínú ilé mi." Mo di ìbòrí àtùpà ẹ̀gbẹ́ ògiri mú bí ẹni tí ó ń tún un ṣe. Mo sọ fún ara mi pé kí ọjọ́ náà kọjá, màá sọ ọ́ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ṣe di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó tà á, ó ra onírin. Ṣé o kíyè sí i pé kò gbé ìka sókè sí ẹnikẹ́ni mọ́ lójú ọ̀nà? Bóyá o kò sí nílé nígbà náà. O ti gba Leeds lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láti ibẹ̀ o gba òkun lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé Graeme ló gbé ọ lọ. Bẹ́ẹ̀ o kò tíì mọ Graeme nígbà tí o gba ìwé ọkọ̀ ojú omi.

Èyí tó burú jù nìyí. Ọjọ́ ìsìnkú Bàbá, lọ́dún méjì sẹ́yìn, o dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú, o ní, "Mi ò ká a ní tútù, Des." Mo sì dáhùn pé, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, gbàgbé ẹ̀." Mo tún gbá ọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń dárí jì ọ́.

Èmi ì bá má sọ ọ́ títí dòní bí kì í bá ṣe ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá yìí. Tunnicliffe ní ká gbé èyí tó ní òrùlé aṣọ jáde, kí Glenys wò ó bóyá ọrùn rẹ̀ á gbà á. Òjò wẹliwẹli rọ̀, mo gbé òrùlé sókè. Bí a ṣe padà dé, oòrùn yọ. Glenys ní, "Ká a sẹ́yìn, ká wo bó ṣe máa rí."

"Rárá, ó tutù."

"Kí ló wá ṣe é tó bá tutù?"

"Ó máa bu. Ọ̀rá ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ra, á ya."

Tunnicliffe rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò sọ fún mi pé ọkọ yín mọṣẹ́."

Glenys ní, "Ta ló mọṣẹ́? Ẹ má dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tó gbé ọkọ̀ bàbá ẹ̀ wá fọ́nnu fún mi nígbà tí mo ń ra ẹja, omi ń kán látara aṣọ yẹn sórí bàtà mi. Bàtà tuntun, owó oṣù àkọ́kọ́ ni mo fi rà á."

Ìtàn yẹn ló fẹ́ràn jù láyé. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́ níwájú ẹ̀yin ará ilé wa, mo máa ń wá ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Lọ́jọ́ náà mi ò yára tó. Nígbà tí a ń lọ sílé, bí a ṣe kọjá afárá, ó ní, "Des, ọkọ̀ bàbá yín tó bàjẹ́. Rosalind kọ́ ló bà á jẹ́, àbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ ilé nínú àpò mi.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ̀tàn yẹn bí ìtàn ìfẹ́. O sì jókòó síbẹ̀, ò ń jẹ́ kí n máa sọ ọ́."

Mo ní kò burú, màá ra onírin, kí n fi jẹ ara mi níyà. Ó ní, "Má ṣe mí bí ọmọdé. Irin ò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o rà, ṣùgbọ́n mi ò ní fìdí kan ìjókòó ìkankan nínú wọn títí wàá fi kọ̀wé sí Rosalind."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti èmi ju ogún lọ, bàtà ìyàwó mi ni òtítọ́ sì wọ̀ wá. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún irú èyí. Bàbá kú pẹ̀lú èrò pé ìwọ lo purọ́ fún òun, mi ò lè gba ìyẹn padà. Má fèsì bí o kò bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fẹsẹ̀ kan Yorkshire, kọ́kọ́rọ́ kejì tìrẹ ni, ìwọ ni kó o wà á, èmi á sì jókòó sẹ́yìn níbi àpò.

Bá mi kí Graeme. Kí Bronwyn àti àbúrò rẹ̀, sì ka lẹ́tà yìí fún wọn bí o bá rò pé ó yẹ, torí mo mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ apá kejì ìtàn náà. Glenys kí ọ, ó ní òun náà tọrọ àforíjì nítorí bàtà.

Lọ́la, kí Tunnicliffe tó ṣílẹ̀kùn, màá ju lẹ́tà yìí sínú àpótí lẹ́tà, màá sì dúró tì í títí ẹni tó ń kó o á fi dé, torí mo mọ ara mi. Lẹ́yìn náà màá lọ ra èyí tó ní òrùlé aṣọ. Rédíò ní òjò yóò rọ̀ láàárọ̀ kó tó dá lọ́sàn-án. Màá wà á gba àárín ìlú pẹ̀lú òrùlé lókè, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé èmi ni mo wà nínú rẹ̀, màá gbé e wọ gáréèjì pẹ̀lú òrùlé lókè, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án títí á fi gbẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, bí o bá ṣì gbà kí n jẹ́ bẹ́ẹ̀,

Desmond.