Ojú Kieran àti Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópó Quarry,
                                        Harthwaite,
                                        Lancashire.
                                        Ọjọ́ kẹta, Oṣù Keje, 2016.

Arnold, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Báwo ni ara? Ìyàwó wa Dilys ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà fún un láti máa rìn dé etí òkun? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ lásìkò, àbí o tún ń gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé kí oòrùn lè bà á jẹ́? Bá mi kí àwọn ọmọ. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀, o sì mọ̀ pé kò balẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde kúrò nídìí ìwé yìí láti lọ wò bóyá mo pa sítóòfù. Mo pa á.

Inú ilé ẹyẹlé ni mo wà, lórí àga tí èmi àti ìwọ jọ gbé gun òkè yìí. Afẹ́fẹ́ rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín pákó wọlé, eruku ìyẹ́ ń léfòó nínú rẹ̀, àwọn ẹyẹ ń kùn jẹ́jẹ́. Nígbà míì mo máa ń tòògbé díẹ̀, tí mo bá lajú, n kì í mọ̀ bóyá ọdún yìí ni mo wà tàbí ọdún tí a kọ́kọ́ fi ẹyẹ ránṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ Faransé kí wọ́n lè fò padà wálé nínú ìdíje.

O béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ Kieran Sugden já sí. O tún kọ ọ́ pé ẹni tó ti jalè rí kò yẹ kó máa retí owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ ìjọba, kódà bí wọ́n bá ṣe é léṣe. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣebí èmi ni ó jà lólè. Ẹyẹlé mẹ́fà ló kó níbí lọ́dún 2013, tó fi mọ́ abo aláwọ̀ eérú tí mo fẹ́ràn jù, ó sì tà wọ́n. Èmi ni mo fẹjọ́ sùn, èmi ni mo dúró nílé ẹjọ́ tí mo ní kí adájọ́ má ṣàánú rẹ̀. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù márùn-ún, wọ́n sì ní kó san owó àwọn ẹyẹ náà fún mi. Díẹ̀díẹ̀ ló san án tán. Lọ́jọ́ tó mú èyí tó kẹ́yìn wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Wilf, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa bá yín gbálẹ̀ ilé ẹyẹlé?"

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo gbà. Odidi ọdún kan ni mo fi ń ka àwọn ẹyẹ náà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò sí èyí tó dín.

Òrùlé ló ń kàn jẹun. Ní Oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, ó dúró ní ibùdókọ̀, ẹja díndín wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú bébà, ni ọ̀mùtí kan tí kò mọ̀ ọ́n rí bá fi ìgò gbá a lójú. Ojú òsì fọ́. Wọ́n ti ju ọkùnrin náà sẹ́wọ̀n. Ní ọsibítù, kò sẹ́ni tó bi Kieran bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí kí wọ́n tó rán ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan kì í jẹ́ kéèyàn mọ bí etí òrùlé ṣe jìnnà tó, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Owó gbà-máà-bínú yẹn ni ì bá fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, kó máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ibi tó ti dùn mí nìyí, Arnold. Òfin ní tí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n bá ti lo iye àkókò kan láìtún ṣẹ̀, wọ́n á ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí èyí tó ti parẹ́, kò sì ní dí i lọ́wọ́ àtigba owó gbà-máà-bínú. Nígbà tí a gba fọ́ọ̀mù láti béèrè, tirẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. A sì ní ọdún méjì gbáko tí a fi lè béèrè. Kieran pàápàá sọ ọ́: "Bàbá, kí la ń sáré fún? Ojú yẹn ò kúkú ní hù padà." Èmi ni mo kọ̀. O mọ̀ mí. Mo ní fọ́ọ̀mù á sọnù, mo ní ilé ìfìwéránṣẹ́ á jóná, mo ní mo lè kú. Mo jókòó tì í nídìí tábìlì, mo ń ka ìbéèrè fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀wọ̀n, mo ní kó kọ òótọ́, ó sì kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi lẹ sítáǹbù. Mo rìn nínú òjò lọ sọ ọ́ sínú àpótí.

Wọ́n ní rárá. Ọjọ́ tí a béèrè ni wọ́n ń wò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lèèyàn lè béèrè lórí ọgbẹ́ kan.

Horace kò jẹ́ kí n gbádùn nínú ẹgbẹ́ àwa tó ń fi ẹyẹlé díje. O rántí pé ẹyẹ tó bà sórí òrùlé kò tíì dé, àfi tó bá wọlé, tí a sì ti òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú aago ìdíje. Tó o bá kánjú, yóò fò lọ. "Wilf," ló wí, "ìwọ tó o kọ́ gbogbo wa pé ká má dẹ́rù ba ẹyẹ, ìwọ lo wá sọ òkúta lu tìẹ!"

Mo ní kó panu mọ́.

"Ṣé irọ́ ni mo pa? Àti pé, owó orí tèmi kọ́ ni wọ́n máa fi tọ́jú olè."

Maureen tó ń ta bíà fún wa gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Horace, ìgbà tí wọ́n gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ torí ọtí, tí ajá wá bù ẹ́ jẹ ní ìdí, ṣé dókítà ní kó o máa jókòó lé e bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni n kò lè rín in.

A pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Lọ́jọ́rú tó kọjá, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbà mí láyè láti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Èmi ni ọmọ yìí jà lólè. Wọ́n gba owó ẹyẹlé mẹ́fà fún mi. Ta ni yóò san owó ojú kan fún un?" Adájọ́ obìnrin tó ṣáájú ìgbìmọ̀ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ogden, mo gbọ́ yín dáadáa. Òfin ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún mi." Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, pápá àti àgùntàn ń ṣàn kọjá lójú fèrèsé bí omi. Mo sọ fún Kieran pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gba owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí mo fẹjọ́ sùn àti lọ́jọ́ tí mo lẹ sítáǹbù. Ó gbé orí ti fèrèsé títí a fi délé. Mo ní ó tán, kò ní wá mọ́.

Lánàá, ọjọ́ ìdíje láti ilẹ̀ Faransé, èmi nìkan ni mo jókòó. Ojú ọ̀run funfun, ó fẹ̀, mo sì ń wò ó títí ojú mi fi ń ṣomi. Ni ẹnì kan bá gbé búrẹ́dì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ wòkè, Bàbá. Lápá ọ̀tún igi yẹn."

Ojú méjì tèmi kò rí nǹkan kan. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo tó rí i, ẹyẹ tèmi, bí èérún dúdú kan. Ó bà sórí òrùlé, ó jókòó. Mo gbé agolo àgbàdo, mo fẹ́ mì ín láti fi pè é, Kieran di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

A dúró. Mo mọ̀ pé ti Horace á ti wọlé. Kieran kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ti ẹjọ́ tẹ́ ẹ fi mí sùn, mi ò bínú rí, Bàbá. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ti fọ́ọ̀mù yẹn ni mo bínú sí." Ó wo òrùlé títí. "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ìbínú náà á ti tán."

Ẹyẹ náà sọ̀ kalẹ̀, ó rọra rìn wọlé fúnra rẹ̀. Kieran ló bọ́ òrùka náà, òun ló tì í bọ inú aago. Ipò kẹrin ni a ṣe.

Mo ti kọ ìwé kan sí aṣòfin wa pé kí wọ́n tún òfin yẹn wò. Ó wà lẹ́yìn aago, n kò tíì fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ wà lábẹ́ tèmi. Tó o bá ṣì dúró lórí ohun tó o kọ, má fọwọ́ sí i, àmọ́ kọ́kọ́ wá bá wa jókòó ní Sátidé kan. N kò kánjú.

Bá mi kí Dilys, kó rọra fi orúnkún náà tẹlẹ̀. Maureen ní kí n kí yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ka ọjọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọjọ́ mẹ́fà,

Wilf Ogden.