Apá Tí Yóò Wẹ Ìyá Àgbà

Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Ọlọ́kadà kan pè mí ní Alángbá ní Bẹẹrẹ lónìí. Mo juwọ́ sí i bí ayaba. Kò mọ̀ pé orúkọ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fín apá, èébú ni. Mo gbé èébú náà, mo fi ṣe orúkọ orí ìtàgé, òun náà ni wọ́n kọ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán mi nínú ìpolówó ìpara irun. Kí wọ́n máa pè é lọ.

Ìyá Àgbà ò jẹun. Ẹsẹ̀ wọn ti wú.

Ìṣẹ́gun, 7

Jemima wá. Òun ló ń yà mí ní fọ́tò, òun ló ń bá mi wáṣẹ́ — ọmọ tíṣà ní Pópó Yemọja, ó ń kọrin nínú kúáyà, ẹnu ẹ̀ sì dà bíi ti ọmọ gáréèjì. Ó ní àwọn ará Èkó kan fẹ́ kí n wọ ẹ̀gbà ọrùn fún àwọn, àmọ́ wọn á fi pọ́dà bo ọrùn àti apá mi. Mo ní kó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ya ògiri. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní ṣé kóun sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó sọ ọ́.

Orí ìtàgé kékeré kan ní Bódìjà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ijó lásán. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwòrán ara mi bí mo ṣe ń jó: ejò tó ká sí èjìká, ewé kókò tó yí apá ọ̀tún ká, oòrùn ọ̀fun. Àwọn èèyàn ń ti Kútọnu wá wò mí. Èmi ni màá wá fi pọ́dà bò ó.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ìyá Àgbà pe gbogbo wa sí yàrá. Àwọn ló tọ́ mi látìgbà tí bàbá mi ti kú, nítorí náà ìtòsí ìrọ̀rí wọn ni mo jókòó sí. Wọn ò fọ̀rọ̀ yípo. "Bí mo bá kú, Karimat ni kó wẹ̀ mí. Mi ò ní kó wá wòran o. Òun ni kó wẹ̀ mí."

Sàríyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. (Bàbá Gàníyù ni mo sọ ní Sàríyà, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Níta, "wọ́n" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Ìwé mi ni.) Ó ní ara tí wọ́n bá fín, omi àlùwàlá ò dé ibẹ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ́ ò lè wẹ ẹlòmíì kó mọ́. Ojú mi báyìí ló ti sọ ọ́, èmi tí mo ti ń kírun kí n tó mọ ìwé kà.

Àǹtí Mutmainnah, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, ń wo ilẹ̀. Láti Ìsàlẹ̀ Òsì títí dé Bẹyẹrunkà, bí obìnrin bá kú, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè láti wá wẹ̀ ẹ́. Àwọn ló kọ́ mi ní àlùwàlá. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni Sàríyà ń pa. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju ti Sàríyà lọ.

Jímọ̀, 10

Mo lọ kírun Jímọ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún kúrò. Mo sún tẹ̀ lé e.

Àbámẹ́ta, 11

Jemima yà mí lórí àtẹ̀gùn Mápó láàárọ̀. Èrò pé lé wa lórí. Ẹnì kan ń ṣe "áúsúbílàhì", obìnrin kan ń bi mí pé ṣé ó dùn mí nígbà tí wọ́n ń fín in. Mo ní ó dùn mí gan-an. Obìnrin náà ní òun náà bí ọmọ mẹ́fà. A jọ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ inú ń bí mi títí mo fi délé. Ṣebí Ilé Olóólà ni wọ́n ń pe ilé wa. Abẹ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá àgbà mi kọlà fún ìdajì ojú tó ń rìn ní Ọjà'ba láyé ọjọ́un. Ìgbà tí ìjọba ní ojú ọmọ tó gẹ́ẹ́ ni abẹ tó sinmi. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Ìbàdàn, ilé yìí kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa fi awọ ara bú mi.

Àìkú, 12

Ìyá Àgbà! Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n ní kí n gbé àga síta, sí àárín àgbàlá, kí n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Wọ́n ró ìró mọ́ àyà. Wọ́n ní kí n wẹ àwọn níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. "Bí mo bá kú tán, mi ò ní lè bá wọn jà mọ́. Jẹ́ kó ti mọ́ wọn lára kí n tó lọ." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wọ́n. Àwọn ará ilé ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni ń wo fíìmù.

Sàríyà ti mọ́sálásí dé. Ìyá Àgbà bi í léèrè ta ló kọ àbàjà sí i lójú. Ó ní bàbá àwọn ni. Wọ́n bi í pé ṣé omi àlùwàlá ń dé ojú ilà náà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. "Ó dé ojú tìẹ, Gàníyù, kò wá dé apá ọmọ yìí?"

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Kò tán. Ó rọra dáhùn pé, "Èmi ò yan tèmi, Ìyá. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà. Òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ fín tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí òótọ́ ni. Mo yàn án. Bí wọ́n bá tún mi bí lọ́la, màá tún yàn án.

Ìṣẹ́gun, 14

Àràárọ̀ ni mò ń wẹ̀ wọ́n báyìí. Àwọn ọmọ ilé ti ń bá mi pọn omi.

Àǹtí Mutmainnah wá bá mi ní ìdáná. Wọ́n mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ẹ̀wù alápá gígùn dání. Wọ́n ní kí n gbà láti wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà bá lọ, àwọn á fi ìyẹn bẹ Ẹ̀gbọ́n àwọn. Mo ní Ìyá Àgbà ò ní kí rọ́bà wẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Karimat, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ń bà mí. Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ló ti ń bà mí." Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún, àmọ́ mo dúró kí wọ́n lọ ná.

Mi ò gba ìbọ̀wọ́.

Jímọ̀, 17

Àwọn ará Èkó tún pe Jemima. Wọ́n gbà! Kò ní sí pọ́dà. Àmọ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ yà á, mo gbọ́dọ̀ wọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Àgbà ò sì mọ ẹni mọ́ láti àná. Apá mi ni wọ́n dì mú. Bí ẹlòmíì bá na tiẹ̀, wọ́n á fọwọ́ pa á wò, wọ́n á jù ú sílẹ̀.

Jemima ní irú iṣẹ́ yìí kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀.

Àìkú, 19

Mi ò lọ Èkó.

Ìṣẹ́gun, 21

Ìyá Àgbà ti lọ. Lẹ́yìn Àsùbáà, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ mi.

Wọ́n ta aṣọ yí igun àgbàlá ká. Omi ti wà nínú garawa, ọṣẹ àti kànrìnkàn tuntun wà nílẹ̀, Àǹtí Mutmainnah àti obìnrin méjì ti wà nínú. Mo ká apá aṣọ mi dé èjìká. Sàríyà dúró sẹ́nu aṣọ náà. Ojú ẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Ó ní mi ò ní wọlé. Ó ní bí mo bá wọlé, òun kọ́ ni yóò kírun sí ìyá òun lára.

Mi ò kúrò. Ká má parọ́, mo ti ń rò ó pé màá tì í.

Àǹtí Mutmainnah yọ orí síta. "Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọkùnrin kan ò yan ẹni tí yóò wẹ òkú obìnrin fún mi rí. Ẹ̀yìn aṣọ yìí, ti àwa obìnrin ni. Ẹ fún ọmọ yín lọ́nà."

Sàríyà yẹ̀.

Nínú, Àǹtí gbé kẹ́tùrù lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo wẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún títí dé ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti lọ fara ti ògiri, kò fẹ́ kí ara òun kan tèmi. Nígbà tó yá tí a fẹ́ yí Ìyá Àgbà sí ọ̀tún kí n lè wẹ apá òsì, agbára wa ò ká a. Obìnrin náà wá. Ó ki ọwọ́ ẹ̀ bọ abẹ́ tèmi, a jọ gbé wọn.

A fi aṣọ funfun wé wọn tán. Bí wọ́n bá wé òkú tán nílé wa, àkọ́bí ọkùnrin ni í kọ́kọ́ wá gbé orí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ béèrè láti ìta ná. A gbọ́ ohùn Sàríyà lẹ́yìn aṣọ.

"Mutmainnah, ṣé Ìyá wa ti mọ́?"

Àǹtí ò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ẹni tó wẹ̀ wọ́n wà níbí, Ẹ̀gbọ́n. Òun ni kí ẹ bi."

Mo rò pé yóò lọ. Mo ń gbọ́ èémí ẹ̀ lẹ́yìn aṣọ yẹn.

"Karimat," ó ní. "Ṣé ìyá mi ti mọ́?"

"Wọ́n ti mọ́, Bàbá," mo ní. "Ẹ wọlé, ẹ wá gbé wọn."