Ẹja Orí Iyanrìn

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ara mi le. Orí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń fọṣọ ni mo ti ń ká ohùn yìí sílẹ̀ fún yín.

Ilẹ̀ mì láàárọ̀ yìí, òkun sì fà sẹ́yìn, ó fi ẹja sílẹ̀ lórí iyanrìn. Àna yín, ọkọ mi tí kì í gbójú kúrò lára ọ̀fẹ́, gbé garawa, ó lọ ń ṣà wọ́n. Alásè wa lọ́gun pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló là, tó ti omi lọ. Ẹ̀yìn tí àgbò fi rìn, agbára ló lọ mú wá. La bá sáré gòkè.

Mò ń fi aṣọ ibùsùn juwọ́ sí ọkọ mi. Ó rò pé mò ń kí òun ni; ó gbé garawa sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Ẹ ní bàbá wọn rí ẹja púpọ̀.

Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, Màmá, atẹ́gùn ni.