Ojú Tó Pọ́n Níbi Ìwúre

Ọjọ́ Sátidé, Adigbẹ.

Ó rẹ̀ mí. Ẹnu mi ló kó bá mi lónìí.

Ọmọkùnrin ará Ṣáínà tí Tóyìn, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ fẹ́ wá kí wa. Nígbà tí mo fi jíńnì wúre fún wọn tán, mo bu díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, mo ní kó tọ́ ọ wò. Kò pẹ́ tí ojú àti ọrùn rẹ̀ fi pọ́n bí ẹyìn.

Mo ní, "Tóyìn, ọ̀mùtí lo mú wá. Ó ti mu yó kó tó débí. Mi ò ní fọmọ fún ọ̀mùtí."

Tóyìn ní, "Màmá Àgbà, ara rẹ̀ ni kò gba ọtí, tó bá ti tọ́ ọ wò báyìí, ojú rẹ̀ á pọ́n. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni, bàbá rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ṣáínà."

Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi mu ún. Ó fi Yorùbá tí kò dán mọ́rán dáhùn: "Ẹ̀yin lẹ fún mi, Mà."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Ọkọ mi tó ti kú lè mu kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan kí ojú rẹ̀ má yí padà. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Èmi ni mo mọ ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe sí mi lára nílé.

Lọ́la, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá lọ bá ọmọ náà ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí ní Kútọ̀. Mi ò bẹ ọmọdé rí, ṣùgbọ́n màá bẹ èyí. Màá ní kó wá fẹ́ ìyàwó rẹ̀, omi la ó sì fi wúre.