Daddy, Ẹ Jẹ́ Kí Ìgbọ̀nwọ́ Yín Sinmi

Daddy mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Mummy. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Leeds níbí, níbi tí òtútù ti ń wọ eegun bí abẹ́rẹ́. Mo kọ́kọ́ kí yín dáadáa, nítorí inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí ìbínú ṣáájú ìkíni.

Mummy ló fẹjọ́ yín sùn mí. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ẹ ti ń fi ọwọ́ òsì mu tíì, pé ọwọ́ ọ̀tún kò lè gbé kọ́ọ̀bù mọ́. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó wé báńdéèjì mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ẹ ó lọ bá àwọn tíṣà tí ẹ jọ fẹ̀yìntì gbá tẹ́nìsì. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé eré ló ń lé ìrora lọ.

Daddy, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní tẹ́nìsì ní Ọ̀fà, òun ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé níbí kí n tó rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lọ́dún tó kọjá, n kò sọ fẹ́nikẹ́ni. Mo ń gbá a lọ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kẹ́tùlù já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, ó ní kí n máa ká táwẹ́ẹ̀lì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo àwọn ọmọ tí mo kọ́ láti ojú fèrèsé, n kò sì rẹ́ni fi ẹjọ́ sùn. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan mi bi mí pé ta ló ní kí n máa ṣeré lórí ìrora. Mo ní kò sẹ́ni kankan. Mo parọ́ nítorí yín.

Ohun tó kọ́ mi kò le. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú gbọọrọ, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ náà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí iṣan tó wà láàárín ọrùn ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ yóò fi máa fà. Ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ kà dé ọgbọ̀n, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá dùn yín gan-an, ẹ dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni o, kí ẹ sì fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Tí ọwọ́ bá yá tán, ẹ rìn káàkiri pápá kí ara móoru kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù kankan.

Èmi náà kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò sí ìyàtọ̀, mo sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni ìrora rọlẹ̀. Mo ti padà sí pápá, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn ọmọ mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ń dùn mí, torí ohun tí mo lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún dènà ni.

Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ lórí fóònù, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹni àádọ́rin ọdún kò ní máa na ọwọ́ bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ẹ jọ̀ọ́, Daddy. Ọwọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọlọ́run yóò fi àlàáfíà sí eegun yín, ẹ ó pẹ́ jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Túndé àti gbogbo ará ilé. Tí ẹ bá wá rákẹ́ẹ̀tì yín tì lónìí, ẹ má bínú sí Mummy. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e pamọ́.

Ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀